Màmá lọ wo eré àwọn ará òkè ní Braemar

Títí di ọdún tó kọjá, tó jẹ́ ọdún kẹfà tá a ti ń gbé Aberdeen, mi ò tíì débi eré àwọn ará òkè Skọ́tílándì rí, èyí tí wọ́n ń pè ní Highland Games yẹn, bẹ́ẹ̀ gbogbo àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ló máa ń sọ ọ́ tó bá ti di àsìkò oòrùn, wọ́n á máa bi mí pé ṣé mo ti lọ, ti Aboyne ni àbí ti Ballater àbí ti Braemar, èmi á kàn ní mò ń bọ̀ wá lọ. Ohun tó wá gbé wa dìde lọ́dún tó kọjá ni pé ìyá ọkọ mi wá kí wa láti Ìjẹ̀bú-Òde, oṣù mẹ́ta gbáko ni wọ́n lò lọ́dọ̀ wa, nígbà tó sì di ọ̀sẹ̀ kẹrin wọ́n pè mí jókòó, wọ́n ní, "Ìyá Tómi, ṣé bẹ́ ẹ ṣe ń ṣe rèé ni, ẹ tibi iṣẹ́ dé, ẹ tìlẹ̀kùn, ó tán? Àwọn onílẹ̀ yìí ò ní ọdún kankan tí wọ́n ń ṣe ni?" Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára torí òótọ́ ni. Ọdún mẹ́fà, mi ò mọ ọdún tí ẹni tó gbà mí lálejò ń ṣe.

Braemar la mú torí pé ọba máa ń wá síbẹ̀. Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹsàn-án ni wọ́n máa ń ṣe é, ọjọ́ kan péré, lábúlé kan tó wà láàárín òkè ní apá ìwọ̀-oòrùn Aberdeen, tó fẹ́ẹ̀ tó 60 máìlì sí wa. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí kó má bọ́ lọ́kàn mi, ẹ má lọ sí Braemar láìra tíkẹ́ẹ̀tì o, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni kẹ́ ẹ ti rà á ní oṣù mélòó kan ṣáájú, torí àwọn tó ń wá pọ̀ ju ará abúlé náà lọ fíìfíì. Tó bá jẹ́ pé òjijì lẹ fẹ́ lọ, ẹ wá àwọn eré kéékèèké tó wà káàkiri láàárín oṣù keje sí ìkẹjọ, ti Aboyne máa ń bọ́ sí Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹjọ, ojú pápá kan láàárín ìlú ni wọ́n ti ń ṣe é.

Ibi tá a máa sùn ló kọ́kọ́ fẹ́ bà á jẹ́. A ti sanwó ilé kan lọ́nà Ballater láti oṣù karùn-ún, àfi bó ṣe di alẹ́ Ọjọ́rú tó ku ọ̀túnla ká gbéra, wọ́n fi ìwé ránṣẹ́ pé èèyàn méjì làwọn ti gba owó yàrá kan náà lọ́wọ́ wọn, káwa máa bínú, àwọn á dá owó padà. Wọ́n dá a padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n níbo lèèyàn ti fẹ́ rí yàrá fún èèyàn márùn-ún lọ́sẹ̀ Braemar? Ọkọ mi pe ibi tó tó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó tó rí ọ̀kan ní Banchory, ìyẹn sì tó 40 máìlì sí ibi tá à ń lọ. Látìgbà náà, ibi yòówù kí n sanwó sí, mo máa ń pe àwọn onílé lórí fóònù nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ méjì, kí n gbọ́ ọ látẹnu wọn pé àwọn ń retí wa.

Ní àárọ̀ Sátidé, aago mẹ́fà ààbọ̀ la ti wà nínú mọ́tò. Àmọ́ kó tó di pé a jáde, ìjà kékeré ti ṣẹlẹ̀ nípa aṣọ. Mo ti ra jákẹ́ẹ̀tì òjò fún Màmá, sòkòtò tó nípọn, bàtà búùtù, mo tò ó sórí bẹ́ẹ̀dì. Màmá bá jáde wá nínú ìró àti bùbá aṣọ òkè, ẹtù gidi, gèlè ti wà lórí, ìlẹ̀kẹ̀ ti wà lọ́rùn. Mo ní Màmá, orí koríko la máa jókòó sí o, òtútù wà, òjò lè rọ̀. Wọ́n ní, "Níbi tí ọba bá wà, a kì í múra játijàti lọ síbẹ̀. Fi sòkòtò yẹn sábẹ́ ìró mi." Bá a ṣe ṣe é nìyẹn, sòkòtò tó nípọn lábẹ́, ẹtù lókè, jákẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́. Mo bínú díẹ̀ nínú mọ́tò, ká má parọ́. Ìgbà tá a débẹ̀ ni mo rí i pé Màmá ló gbọ́n, torí àwọn onílẹ̀ gan-an ò mú ọ̀rọ̀ aṣọ ọjọ́ yẹn ní ṣeréṣeré, bàbá àgbà, ọmọ kékeré, kilt, aṣọ bíi síkẹ́ẹ̀tì tí ọkùnrin wọn ń wọ̀, tí wọ́n lọ̀ gbẹ, ìbọ̀sẹ̀ gígùn, bẹ́líìtì, àpò aláwọ tó ń rọ̀ níwájú, oríṣi tartan, aṣọ onílà dábùú-dábùú, tí ìdílé kọ̀ọ̀kan ń lò. Bí Màmá ṣe wọlé, àwọn èèyàn ń tẹríba fún wọn. Ìyá kan tiẹ̀ dá wa dúró, ó fọwọ́ pa etí ìró náà, ó ní ta ló hun ún. Màmá ní kí n sọ fún un pé ọkùnrin kan ní Ìsẹ́yìn ni, lórí òfì, lọ́wọ́, wọn ò hun ún ní fáktírì. Ìyá yẹn ní ìyá ìyá òun náà hun aṣọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó ọmọ lọ, ẹ tètè lọ o, torí ọ̀nà kan ṣoṣo, A93, ló bá odò Dee lọ títí tó fi dé ibẹ̀, ó kọjá níwájú Balmoral, ilé ìsinmi ọba, mọ́tò sì máa ń tò bí ọ̀nà Ìbàdàn lọ́jọ́ ọdún. Ẹ mú bùláńkẹ́ẹ̀tì, ẹ mú aṣọ òjò àti ìpara oòrùn pọ̀, torí a rí òjò lẹ́ẹ̀mẹta, a sì rí oòrùn tó jó Ìrètí, ọmọ wa kékeré, nímú. Èmi gbé kúlà ìrẹsì jọ́lọ́ọ̀fù dání, mo sì dúpẹ́ pé mo gbé e, torí àwọn tó ń ta oúnjẹ wà ṣùgbọ́n ìlà wọn gùn.

Ohun tó kọ́kọ́ dà wá láàmú nígbà tá a jókòó ni pé gbogbo nǹkan ló ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Lápá kan wọ́n ń ju òòlù, lápá kejì àwọn ọmọ ń jó lórí pákó, àwọn kan ń sáré yí pápá ká, ẹnì kan ń fọn fèrè lórí pèpéle kékeré níwájú àwọn adájọ́ mẹ́ta. Màmá ní, "Èwo là ń wò nínú ẹ̀?" Mi ò mọ èsì. Bàbá àgbàlagbà kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, tí ọjọ́ orí wọn á fẹ́ẹ̀ tó ti Màmá, ló rí ìdààmú ojú wa, wọ́n ṣí fúláàsìkì tíì wọn, wọ́n bu fún Màmá, wọ́n ní ká má wo gbogbo ẹ̀, ká mú ohun kan ká tẹjú mọ́ ọn títí á fi parí, ká tó gbójú lọ sí òmíràn. Ìmọ̀ràn tó dáa jù tí mo gbà lọ́jọ́ yẹn nìyẹn. Ìwé kékeré kan tí wọ́n ń tà lẹ́nu ọ̀nà sì ní àkókò eré kọ̀ọ̀kan nínú, ẹ rà á.

Igi jíjù la kọ́kọ́ tẹjú mọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní caber. Ìtì igi gbọọrọ ni, ti Braemar gùn tó mítà 6, ó sì wọn bíi kílò 60, ẹ rántí pé kílò 50 ni àpò sìmẹ́ńtì kan o. Orí ẹ̀ kan tóbi, orí kejì tín-ín-rín. Àwọn méjì ló gbé e nàró, orí tó tóbi wà lókè, ọkùnrin náà wá bẹ̀rẹ̀ sídìí ẹ̀, ó fi èjìká gbà á, ó ki ìka ọwọ́ méjèèjì bọ ara wọn, ó rọra ń fi sún wálẹ̀ lára igi títí ó fi kan ìsàlẹ̀ pátápátá, ó wá jálá ọwọ́ sábẹ́ ẹ̀. Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́. Ó dìde, igi náà ń mì lókè bí igi àgbọn nínú afẹ́fẹ́, ó ń tẹ̀ lé e sọ́tùn-ún sósì, ó ń wá ibi tó ti máa dúró jẹ́ẹ́. Mo wo ọrùn ọkùnrin yẹn, iṣan ẹ̀ le bí okùn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, ó sáré sí i, ó dúró gbagidi, ó fi gbogbo ara jù ú sókè, orí tó tóbi sọ wálẹ̀ gbìì, ìdí ẹ̀ dìde, ó yí òkè kọjá, ó ṣubú síwájú.

Tómi, ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá, fò sókè, ó ní ti ọkùnrin tó ṣáájú jìnnà ju èyí lọ, ìyẹn ló gbégbá orókè. Bàbá yẹn mi orí, wọ́n ní wọn kì í wo bó ṣe jìnnà tó rárá. Bó ṣe tọ́ ni wọ́n ń wò. Wọ́n ní ká fojú inú wo aago lórí koríko, kí ọkùnrin yẹn dúró sórí nọ́ńbà mẹ́fà, tí igi bá ti yípo tán, orí tín-ín-rín ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjú sí méjìlá gan-an, tó bá kọjú sí mọ́kànlá tàbí ọ̀kan, ó ti pàdánù nǹkan nìyẹn. Adájọ́ kan ń sáré tẹ̀ lé ẹni tó ń jù ú láti ẹ̀yìn kó lè rí i dáadáa. Tómi dákẹ́, látìgbà yẹn kò wo bí igi ṣe jìnnà mọ́, ó ń fi ọwọ́ júwe aago, ó ń pè é síta, "méjìlá! mọ́kànlá! áà, mẹ́wàá!", ó sì ń bá àwọn adájọ́ mu lọ́pọ̀ ìgbà.

Èyí tó dẹ́rù bà mí jù ni ti irin kílò 25 tí wọ́n ń fi ọwọ́ kan jù sẹ́yìn gba orí òpó kọjá. Ẹ ronú ààbọ̀ àpò ìrẹsì, ọwọ́ kan, ẹ kọ̀yìn sí òpó tó ga ju ilẹ̀kùn méjì tó gùn lé ara wọn lọ, ẹ jù ú sókè, ẹ sì yẹra kó má bọ́ lé yín lórí. Ti òòlù, àwọn tó ń jù ú wọ bàtà tó ní irin gígùn níwájú, wọ́n gún un wọ ilẹ̀ kí ẹsẹ̀ wọn má yẹ̀, wọ́n wá ń fi òòlù yípo orí. Okùn fífà náà wà, èèyàn mẹ́jọ sí mẹ́jọ, àwọn sójà ni púpọ̀ wọn, Màmá mọ ìyẹn dáadáa, wọ́n ń lọgun ju gbogbo wa lọ.

Ti fèrè ló mú Màmá dákẹ́. Fèrè alápò, ọ̀pá mẹ́ta tó ń hó lórí èjìká, èyí tí ìka ń tẹ̀ ń sọ̀rọ̀ nísàlẹ̀. Ọkùnrin tó dá dúró lórí pèpéle yẹn ń fọn orin kan tó lọ́ra púpọ̀, oríṣi tí wọ́n ń pè ní ceòl mòr, orin ńlá, ó ń rìn díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń fọn ọ́n. Mo rò pé ó ti sú Màmá. Wọ́n ní, "Òkú ni wọ́n ń fi ìyẹn sọ." Mo bi bàbá náà, wọ́n ní lóòótọ́ ni, ọ̀pọ̀ nínú orin ńlá yẹn ni wọ́n ṣe láti fi dárò ẹni tó kú tàbí láti fi kí olóyè. Wọ́n tún sọ ohun kan tí mi ò gbàgbé, pé láyé àtijọ́ wọn kì í kọ orin yẹn sílẹ̀, ẹnu ni ọ̀gá fi ń kọ́ ọmọṣẹ́, ìró ẹnu kọ̀ọ̀kan dúró fún ohùn tí fèrè gbọ́dọ̀ mú jáde, canntaireachd ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí mo túmọ̀ ẹ̀ fún Màmá, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ní, "Ṣebí bí àwọn Àyàn náà ṣe ń kọ́ ọmọ nìyẹn! Ẹnu lọmọ ti ń gbọ́ ọ kó tó kan igi ìlù." Àwọn àgbà méjì yẹn, tí wọn ò gbọ́ èdè ara wọn, ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín síra wọn.

Nígbà tí gbogbo ẹgbẹ́ afunfèrè wá kóra jọ, tí ìlù ńlá bíi bẹ̀ǹbẹ́ ń dún níwájú, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú tartan tiẹ̀, Màmá ní Ojúde Ọba lèyí. Kò sì jìnnà síra wọn lóòótọ́. Ọjọ́ kẹta Iléyá ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn régbérégbé á máa jáde lọ́wọ̀ọ̀wọ́ nínú aṣọ kan náà, ìdílé àwọn Balógun á máa gẹṣin wá síwájú Awùjalẹ̀. Ọba tiwọn náà dé ní nǹkan bí aago mẹ́ta, Ọba Charles àti àwọn ará ilé ẹ̀, wọ́n jókòó sínú ilé kékeré kan tí wọ́n fi òdòdó orí òkè ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Gbogbo èèyàn dìde. Ibi tá a wà jìnnà sí wọn o, àmọ́ kí n tó yíjú padà, Màmá ti kúnlẹ̀ lórí koríko tútù yẹn pẹ̀lú ẹtù wọn, wọ́n ní "Kábíyèsí." Ojú kọ́kọ́ tì mí, mo fẹ́ fà wọ́n dìde kí àwọn èèyàn má máa wò wá. Bàbá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa bọ́ fìlà, wọ́n dúró gan-an títí Màmá fi dìde, wọ́n wá na ọwọ́ fún wọn láti dì mú. Ohun tó yẹ kí ojú tì mí fún ni pé ojú tì mí.

Lójú tèmi, mo ti rò pé àwọn ọba ló dá eré yìí sílẹ̀. Ìtàn kan wà lóòótọ́ pé Ọba Malcolm Canmore, ọba ọ̀rúndún kọkànlá, ló ní kí àwọn géndé sáré gun òkè Craig Choinnich níbẹ̀ kóun lè mọ ẹni tó yá ẹsẹ̀ jù, tó máa máa jíṣẹ́ fóun, wọ́n ṣì ń sáré gun òkè títí dòní. Àmọ́ ẹgbẹ́ tó ń ṣe é báyìí, àwọn káfíńtà abúlé ló dá a sílẹ̀ ní 1815. Káfíńtà o! Wọ́n ń dá owó jọ kí ẹni tó bá ṣàìsàn nínú wọn lè rí nǹkan jẹ, kí opó àti ọmọ òrukàn ẹni tó kú má bàa tọrọ. Ọdún 1832 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀bùn owó síbi ìdíje. Ọbabìnrin Victoria ò wá títí di 1848. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Màmá, wọ́n ní, "Àjọ ni. Àjọ tó pẹ́." Màmá ti bá wọn ṣe olórí aláàjọ lọ́jà Òkè-Ajé rí fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n mọ ohun tó ń mú àjọ pẹ́. Wọ́n bi bàbá náà pé ta ló ń tọ́jú ìwé, bàbá ní àwọn ará abúlé náà ni, ọ̀pọ̀ wọn ò gba kọ́bọ̀.

Ìrètí tiwa, ọmọ ọdún méje, àwọn oníjó ló gbà lọ́kàn. Ijó orí idà, wọ́n á fi idà méjì dábùú ara wọn nílẹ̀, ọmọ á máa fò láàárín wọn, ìka ẹsẹ̀ nìkan ló ń kanlẹ̀, tí ẹsẹ̀ ẹ̀ bá sún idà, ó ti bọ́. Ọmọ kan tí kò ju Ìrètí lọ fi gìgísẹ̀ kan idà lópin pátápátá, idà náà rìn bíi íǹṣì méjì péré. Kò sunkún. Ó dúró, ó tẹrí ba fún adájọ́, ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún ìbọ̀sẹ̀ ẹ̀ tó ti wálẹ̀ fà sókè, ó lọ tò sí ìlà ijó tó kàn. Ìrètí di ọwọ́ mi mú ṣinṣin ní gbogbo ìgbà yẹn.

Ijó tó kàn yẹn ń jẹ́ Seann Triubhas, sòkòtò àtijọ́ ni ìtumọ̀ ẹ̀. Àwọn ọmọ yẹn á máa gbọn ẹsẹ̀ dànù bíi kí sòkòtò bọ́ lára wọn. Lẹ́yìn ogun Culloden ní 1746, níbi tí wọ́n ti ṣẹ́gun àwọn ará òkè tó dìtẹ̀, ìjọba Bìrìtìkó ṣòfin pé ọkùnrin tàbí ọmọkùnrin kankan ní Skọ́tílándì ò gbọdọ̀ wọ kilt mọ́, àfi tó bá jẹ́ sójà, ẹni tí wọ́n bá mú lẹ́ẹ̀kíní á ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, lẹ́ẹ̀kejì wọ́n á gbé e lọ sókè òkun fún ọdún méje. Àwọn kan máa ń sọ pé wọ́n fòfin de fèrè náà, òfin ò dárúkọ fèrè, aṣọ ni. Ó tó 1782 kí wọ́n tó fagi lé e. Mo wo gbogbo kilt tó wà ní pápá yẹn lẹ́yìn tí mo gbọ́ èyí, ojú mi yàtọ̀.

Ibẹ̀ ni Màmá ti béèrè ọ̀rọ̀ tó ká mi mọ́. Wọ́n ní kí n bi bàbá náà pé kí ni wọ́n ń pe omi ní èdè wọn, èdè tiwọn gan-an, kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá ní uisge. Màmá ní iná ńkọ́? Bàbá ronú, wọ́n mi orí. Màmá ní ilé ńkọ́? Bàbá tún mi orí. Wọ́n ní ti omi yẹn gan-an, ara wísíkì làwọn ti mọ̀ ọ́n, torí uisge beatha ni orúkọ ẹ̀, omi ìyè. Ìyá ìyá wọn sọ Gaelic látàárọ̀ dalẹ́, ìyá wọn gbọ́ ọ ṣùgbọ́n wọ́n nà án nílé ìwé tó bá sọ ọ́, nígbà tí ìyá wá bí àwọn, kò sọ ọ́ sáwọn létí, ó ní òun ò fẹ́ kí wọ́n na ọmọ òun. Ní àfonífojì odò Dee yẹn, obìnrin tó gbọ́ Gaelic ibẹ̀ gbẹ̀yìn gẹ́gẹ́ bí èdè tí wọ́n bí i sí, Jean Bain, kú ní 1984. Èdè náà ò tíì kú ní Skọ́tílándì o, nínú ìkànìyàn 2011 nǹkan bí ẹgbẹ̀rún 57 èèyàn ló ní àwọn ń sọ ọ́, Aberdeen níbí gan-an ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ti ń fi kọ́ ọmọ, ṣùgbọ́n ti Braemar yẹn, bí wọ́n ṣe ń pè é níbẹ̀, ó ti lọ. Igi ṣì wà, ijó wà, aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n gbà lọ́wọ́ wọn padà wá, fèrè wà, àjọ àwọn káfíńtà wà. Bàbá yìí ò mọ ohun tí ìyá ìyá wọn ń pe iná.

Màmá ò sọ nǹkan kan. Wọ́n kàn yíjú sí Tómi, wọ́n ní, "Ọkọ mi, kí là ń pe èyí?", wọ́n fi ọwọ́ kan ìgbọ̀nwọ́ wọn. Tómi wò mí. Ó ní, "Elbow, Grandma." Wọ́n ní mo mọ̀, lédè wa. Ó tún wò mí.

Ẹ̀yin ará, èmi tí mo ń kọ èyí san fáìnì fànákúlà, torí mo sọ Yorùbá, nílé ìwé gírámà ní Ìjẹ̀bú-Òde o. Ọ̀rẹ́ mi ló fẹjọ́ mi sùn, mo ní "ẹ gbà mí" nígbà tí kòkòrò bà lé mi lọ́rùn, wọ́n kọ orúkọ mi sílẹ̀, mo san owó, mo tún gé koríko. Mo bínú nígbà náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bí Tómi, ta ló ń fi Gẹ̀ẹ́sì pè é wá jẹun? Ta ló ní kí ọmọ kọ́kọ́ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa kó má bàa ṣòro fún un nílé ìwé? Kò sí olùkọ́ kankan ní Aberdeen tó ní kí n má sọ Yorùbá sí ọmọ mi, wọn ò nà án, wọn ò gba fáìnì lọ́wọ́ ẹ̀. Èmi ni. Aṣọ ẹbí, mo rà fún wọn. Ijó, wọ́n mọ̀ ọ́n jó ju èmi lọ, tí wọ́n bá pè wá sí páátì ìsọmọlórúkọ ní Glasgow, Tómi á gba ojú agbo, wọ́n á náwó fún un. Mo ti máa ń fi ìyẹn tu ara mi nínú.

Ọjọ́ Àìkú, a padà sẹ́yìn díẹ̀ lọ sí Potarch lójú odò Dee, láti lọ wo òkúta méjì tí Donald Dinnie, géndé alágbára ayé àtijọ́, gbé kọjá afárá ibẹ̀ ní 1860, ọmọ agbègbè Aboyne ni Dinnie, wọ́n bí i ní 1837. Òkúta méjèèjì pa pọ̀ jẹ́ kílò 332, ìyẹn ju àpò sìmẹ́ńtì mẹ́fà ààbọ̀ lọ, òrùka irin wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ló dì mú. Bàbá Tómi dúró tì í fún ìgbà pípẹ́. A ò lò ju ìdajì wákàtí lọ níbẹ̀, òjò lé wa.

Nínú mọ́tò tá à ń bọ̀ nílé, Tómi bi Màmá látẹ̀yìn pé báwo ni wọ́n ń pe caber lédè Yorùbá. Màmá ní a kì í jù ú, àmọ́ ìtì igi ló ń jẹ́. Tómi ní "iti igi," ó fi ohùn kan náà sọ gbogbo ẹ̀. Màmá ní rárá. Wọ́n tún un pè. Ó tún ṣì í. Mo fẹ́ dá sí i láti iwájú, mo fẹ́ fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé ohùn ìsàlẹ̀ àti ohùn àárín fún un, ọkọ mi fọwọ́ kàn mí lórúnkún pé kí n fi wọ́n sílẹ̀. Màmá bá na ọwọ́ sí ẹ̀yìn ìjókòó mi, wọ́n ń fi ìka lù ú, ẹ̀ẹ̀mejì nísàlẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lókè díẹ̀, wọ́n sì ń fi ẹnu sọ ọ́ tẹ̀ lé e, dò dò re re, dò dò re re, Ìrètí bá wọn gbè é, mo ń gbọ́ ọwọ́ mẹ́ta tó ń lu ìjókòó mi lẹ́yìn láti Banchory títí a fi wọ Aberdeen.